David Card àti ilé oúnjẹ 410: bí wọ́n ṣe ka òṣìṣẹ́ ní New Jersey, àti ohun tó ná ọkùnrin náà

Ní 1992, láti February 15 títí di March 4, àwọn kan ń fi fóònù pe àwọn ilé oúnjẹ kiri ní New Jersey àti apá ìlà oòrùn Pennsylvania, àwọn ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń ta bọ́gà àti ṣíkìn, tí wọ́n á wé e fún ẹ kíá kó o máa lọ, Burger King, KFC, Wendy's, Roy Rogers. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ bá mánéjà sọ̀rọ̀, tí mánéjà bá ti dé orí fóònù, ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀: òṣìṣẹ́ mélòó lẹ ní, mélòó ló ń ṣiṣẹ́ odindi ọjọ́, mélòó ló ń ṣe ààbọ̀, èló lẹ fi ń gba ẹni tuntun síṣẹ́, èló ni bọ́gà, èló ni ọ̀dùnkún díndín, èló ni mínírà. Ẹ fojú inú wò ó, èrò ti tò síwájú káńtà, epo ń hó, ẹnì kan tó ò mọ̀ rí wá ń bi ẹ́ lórí fóònù pé òṣìṣẹ́ alááàbọ̀ mélòó lẹ ní. Síbẹ̀ ilé oúnjẹ 410 ló dáhùn nínú 473 tí wọ́n kọ sílẹ̀ láti pè, 331 ní New Jersey, 79 ní Pennsylvania. Wọn ò pe McDonald's rárá ní tiwọn, torí nínú iṣẹ́ kan tó jọ ọ́ tí wọ́n ti ṣe ṣáájú, àwọn McDonald's ò dá wọn lóhùn bó ṣe yẹ.

Àwọn purofẹ́sọ̀ ọrọ̀ ajé méjì ní yunifásítì Princeton ló wà nídìí ìpè yẹn, David Card àti Alan Krueger. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka iṣẹ́ yìí, ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpè ló gbà mí lọ́kàn ju èsì tí wọ́n rí lọ. Òfin tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, èyí tó máa gbé owó iṣẹ́ tó kéré jù sókè ní New Jersey, bóyá ó máa dín iṣẹ́ kù, máa bẹ̀rẹ̀ ní April 1, àwọn ti ń ka orí òṣìṣẹ́ láti February. Ìyẹn ni pé wọn ò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí nígbà tí wọ́n ń kà á, tó bá sì ti já tán, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ padà lọ yí ohun tí mánéjà sọ ní February. Gbogbo ìjà tó wá bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ibẹ̀ yẹn lèmi máa ń dúró sí wò ó. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá ń sọ̀rọ̀ Card lónìí, Nobel ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ, wọ́n á sì gba ibẹ̀ kọjá lọ. Ẹ jẹ́ ká fi Nobel sílẹ̀ ná.

Ọ̀rọ̀ òfin náà rèé. Nígbà yẹn, káàkiri Amẹ́ríkà, owó tó kéré jù tí òfin gbà kí wọ́n san fún iṣẹ́ wákàtí kan jẹ́ dọ́là 4.25, láti April 1991 ló ti wà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá wù láti gbé tiẹ̀ ga ju bẹ́ẹ̀ lọ láyè àtiṣe é, New Jersey sì ti ṣòfin láti 1990 pé tó bá ti di April 1, 1992, dọ́là 5.05 ló máa di, èyí tó máa ga ju ti gbogbo ìpínlẹ̀ yòókù. Ṣùgbọ́n kó tó di ọjọ́ yẹn, ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, àwọn aṣòfin wá bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀yìn. Nígbà tó ku díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, wọ́n dìbò pé kí wọ́n pín ọgọ́rin sẹ́ǹtì yẹn sí ọdún méjì, kó má baà já lé àwọn tó ń gbani síṣẹ́ lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbò tí wọ́n rí pọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ló kù kó tó iye tí wọ́n fi lè borí gómìnà tó bá lóun ò buwọ́ lù ú. Kí ni gómìnà ṣe? Ó dákẹ́. Ó jẹ́ kí April 1 dé, kí dọ́là 5.05 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìgbà yẹn ló tó wá sọ pé òun ò fọwọ́ sí ti ọlọ́dún méjì. Ọgbọ́n òṣèlú nìyẹn jàre, ṣùgbọ́n fún ẹni tó fẹ́ ṣèwádìí, ẹ̀bùn ńlá ni, torí àwọn onílé oúnjẹ ò mọ̀ bóyá ó máa wáyé títí ó fi wáyé, wọn ò ráyè dín òṣìṣẹ́ kù sílẹ̀ dè é. Pennsylvania tó wà lódìkejì odò Delaware ò sì yí nǹkan kan padà ní tiẹ̀, dọ́là 4.25 náà ni wọ́n ń san lọ.

Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ti ní ìdáhùn tiẹ̀ nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé fóònù. Ohun tó bá wọ́n, èèyàn á ra díẹ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ náà sì rèé, tí o bá sọ pé wákàtí òṣìṣẹ́ kan ti di 5.05 dípò 4.25, ọ̀gá á lé àwọn kan tàbí kó máà gba tuntun mọ́, àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì mọṣẹ́ ló sì máa kọ́kọ́ fara gbá a. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn olówó nìkan o, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó fẹ́ràn mẹ̀kúnnù gan-an gbà bẹ́ẹ̀. Ó ti di ohun tí kò sẹ́ni tó tún ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Card fúnra ẹ̀, ọmọ Kánádà ni, ní Guelph ní Ontario ni wọ́n bí i sí ní 1956, inú oko tí wọ́n ti ń sin màlúù fún wàrà ló dàgbà sí. Ó gboyè àkọ́kọ́ ní Queen's University ní 1978, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Princeton ní 1983, Orley Ashenfelter ló tọ́ ọ sọ́nà níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní yunifásítì Chicago kó tó padà sí Princeton. Chicago yẹn, ẹ fi sọ́kàn o, a ṣì máa dé ibẹ̀.

Ohun tí Ashenfelter kọ́ ọ wúlò gan-an láti lóye ohun tó ṣẹlẹ̀ ní New Jersey. Ashenfelter ti ṣàkíyèsí láti 1978 pé àwọn tó ń wọ ètò ìjọba tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́, owó tó ń wọlé fún wọn sábà máa ń já lulẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú kí wọ́n tó wọlé, ó yé ni, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń wá ibi tó máa lọ kọ́ṣẹ́. Tó bá wá di ọdún kejì tówó wọn tún gòkè, ìjọba á ní ẹ ò rí i, ètò wa ṣiṣẹ́. Bóyá ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, bóyá kò ṣiṣẹ́, bí ibà ṣe máa ń lọ fúnra ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan náà nìyẹn, ẹni tó fún aláìsàn ní omi mu á ní omi òun ló wò ó. Ashenfelter àti Card jọ gbé iṣẹ́ jáde lórí ẹ̀ ní 1985. Ohun tí Card mú kúrò níbẹ̀ ni pé wíwo ẹnì kan ṣáájú àti lẹ́yìn ò tó, àfi kó o rí ẹlòmíì tó jọ ọ́ tí nǹkan náà ò ṣẹlẹ̀ sí, kó o wá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ó ti dán irú ẹ̀ wò ní Miami kó tó kan bọ́gà. Ní April 1980, Fidel Castro sọ pé ẹni tó bá wù kó kúrò ní Kúbà lè gba èbúté Mariel jáde, kí ọdún yẹn tó parí nǹkan bíi 125,000 èèyàn ti wọkọ̀ ojú omi dé Florida, bíi ìdajì wọn sì jókòó sí Miami. Láàárín oṣù díẹ̀, iye àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń wáṣẹ́ ní ìlú yẹn fi bíi 7% lé sí i. Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó kó wọn wá torí pé iṣẹ́ wà ní Miami, ọ̀rọ̀ Castro ló kó wọn wá. Card gbé Miami sẹ́gbẹ̀ẹ́ Atlanta, Houston, Los Angeles àti Tampa, ó wo owó iṣẹ́, ó wo àìríṣẹ́ṣe láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tí ìmọ̀ iṣẹ́ wọn ò pọ̀, ó wo ti àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́tọ̀, kò rí i pé àwọn àjèjì náà ba tiwọn jẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1990. (Lọ́dún 2017, George Borjas ní Harvard tún fígọ̀ yẹn yẹ̀ wò, ó ní tó bá jẹ́ àwọn ọkùnrin tí ò parí ilé ìwé girama nìkan lèèyàn wò, owó wọn já lulẹ̀ gan-an, àwọn míì sì dá a lóhùn pé àwọn tó kù sílẹ̀ fún un láti kà ti kéré jù, àti pé irú èèyàn tí wọ́n ń kà wọ inú ẹ̀ ti yí padà lákòókò yẹn gan-an. Ìjà yẹn ò tíì tán, mi ò ní wọ inú ẹ̀ níbí.)

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí bọ́gà wa.

November 5 sí December 31, 1992, wọ́n tún pe gbogbo ilé oúnjẹ 410 yẹn padà. Ibi yìí ni mo fi mọ̀ pé àwọn èèyàn yìí ò ṣeré. Nínú irú iṣẹ́ báyìí, ẹni tí wọ́n bá pè tí kò gbé fóònù, ọ̀pọ̀ olùṣèwádìí á kàn fà á kúrò nínú ìwé ni, wọ́n á ní kò dáhùn. Ṣùgbọ́n tí ilé oúnjẹ kan ò bá gbé fóònù, ó lè jẹ́ pé ó ti kógbá sílé, tó bá sì jẹ́ pé owó iṣẹ́ tó gòkè ló lé e lọ, òun gan-an lo yẹ kó o kà! Tó o bá fà á kúrò, o ti ju ẹ̀rí tó lágbára jù nù. Nítorí náà wọ́n rán èèyàn lọ fẹsẹ̀ ara ẹ̀ dé àwọn ibi tí fóònù ò ti lọ. Àbọ̀ tí wọ́n jẹ́ nìyí: 6 ti tì pa pátápátá, 2 ń tún ilé ṣe, 2 tì fúngbà díẹ̀, ọ̀kan nínú ìyẹn torí pé wọ́n ń ṣe títì márosẹ̀ níbẹ̀, èkejì torí iná tó jó o. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ní òun ò dáhùn. 399 yòókù dáhùn. 410 pé. Mo ti ka ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìwádìí tó jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ti sọnù kí wọ́n tó dé ìparí, tí wọ́n á sì fi gbólóhùn kan bò ó mọ́lẹ̀, àwọn yìí mọ ilé tó jóná.

Kí ni wọ́n wá rí? Ṣáájú òfin, owó tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tuntun ní ìpínlẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, 4.61 ní New Jersey, 4.63 ní Pennsylvania. Lẹ́yìn òfin, New Jersey ti di 5.08, Pennsylvania sì wà ní 4.62. Ó fi hàn pé òfin náà mú wọn lóòótọ́, 85% nínú àwọn ilé oúnjẹ New Jersey ló ń san 5.05 géérégé, wọn ò fi sẹ́ǹtì kan lé e. Iye òṣìṣẹ́ ńkọ́? Wọ́n ka alááàbọ̀ méjì sí ẹyọ kan, wọ́n sì ka mánéjà mọ́ ọn. New Jersey kúrò ní 20.44 nílé oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, ó di 21.03. Pennsylvania tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn kúrò ní 23.33, ó bọ́ sí 21.17. Ìpínlẹ̀ tówó iṣẹ́ ti gòkè ni iye òṣìṣẹ́ ò ti lọ sílẹ̀, èyí tí kò sóhun tó ṣe é ló lọ sílẹ̀. Tó o bá yọ ọ̀kan nínú èkejì, New Jersey fi ju òṣìṣẹ́ méjì àti ààbọ̀ lọ síwájú ní ilé oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún wo inú New Jersey nìkan, wọ́n fi àwọn ilé oúnjẹ tó ti ń san dọ́là 5 tẹ́lẹ̀ wé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tiwọn láti 4.25, ibì kan náà ló já sí.

Oúnjẹ tó pé, ìyẹn bọ́gà tàbí ṣíkìn, ọ̀dùnkún díndín àti mínírà, kúrò ní dọ́là 3.35 sí 3.41 ní New Jersey, ní Pennsylvania ó kúrò ní 3.04 sí 3.03. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń jẹun ló bá wọn san nínú owó náà.

Tèmi ni pé ibi tó rọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí wà nínú fígọ̀ Pennsylvania. Ẹ tún un wò: New Jersey gòkè díẹ̀ báyìí, ohun tó fẹ ìyàtọ̀ yẹn ni pé Pennsylvania já lulẹ̀, ilé oúnjẹ 79 péré ló sì wà níbẹ̀. Kí ló dé tí Pennsylvania fi já? Tó bá jẹ́ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí kò dé òdìkejì odò, ẹlẹ́gbẹ́ tí wọ́n fi wé New Jersey ò ṣe é gbára lé mọ́. Tún kíyè sí i pé ẹnu mánéjà ni wọ́n gbà á, mánéjà kan lè pe wákàtí 30 ní iṣẹ́ odindi, òmíì á ní ààbọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ̀ ọrọ̀ ajé tó yẹ kó ṣàlàyé ẹ̀ ò bá a mu tán. Àlàyé kan wà tó ti pẹ́, Joan Robinson, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ló kọ nípa ẹ̀ ní 1933: tí ibi tí òṣìṣẹ́ lè lọ ò bá pọ̀, ọ̀gá ló ń pinnu owó, tó bá fẹ́ gba ẹnì kan sí i, àfi kó fi owó kún un, tó bá sì fi kún ti ẹni tuntun, àwọn tó ti wà nílẹ̀ á ní kí tàwọn ṣe, nítorí náà á yàn láti fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Tí òfin bá wá fi dandan gbé owó gbogbo wọn sókè, kò sóhun tó tún ń dá a dúró mọ́, á gba ẹni tuntun. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, òṣìṣẹ́ pọ̀ sí i, oúnjẹ tó ń jáde pọ̀ sí i, ó yẹ kí owó bọ́gà wálẹ̀, ó sì gòkè. Card àti Krueger fúnra wọn kọ ọ́ sínú ìwé pé ibẹ̀ yẹn ò wọlé síra. Ohun tí wọ́n sọ níparí kò ju pé àwọn ò rí àmì kankan pé òfin yẹn dín iṣẹ́ kù. Kò síbi tí wọ́n ti sọ pé ẹ lọ gbé e dé ogún dọ́là. Àwọn tó ń bú wọn àti àwọn tó ń yìn wọ́n ló fi ìyẹn sí wọn lẹ́nu.

Iṣẹ́ náà jáde nínú American Economic Review ní September 1994. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Card gba àmì ẹ̀yẹ John Bates Clark, èyí tí wọ́n máa ń fún onímọ̀ ọrọ̀ ajé tí kò tíì pé ogójì ọdún, ọdún méjì méjì ni wọ́n sì ń fún èèyàn nígbà yẹn. Ọdún yẹn náà lòun àti Krueger kó gbogbo iṣẹ́ wọn lórí owó iṣẹ́ jọ sínú ìwé kan. Krueger ti lọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Washington nígbà yẹn, Bill Clinton sì ń wá bó ṣe máa gbé ti gbogbo orílẹ̀-èdè sókè, nítorí náà ohun tó yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé wọ inú òṣèlú wẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an yàn-an.

Ní April 1996, James Buchanan tó gba Nobel ti ọrọ̀ ajé ní 1986 kọ ọ́ sínú Wall Street Journal pé bí kò ṣe sí onímọ̀ físíìsì tó máa sọ pé omi ń ṣàn gun òkè, bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó mọ iyì ara ẹ̀ sọ pé owó iṣẹ́ tó gòkè lè mú kí iṣẹ́ pọ̀ sí i, ó ní inú òun dùn pé ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ò tíì di aṣẹ́wó tó ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ ogun kiri. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ ọ́ o, àgbàlagbà, nínú ìwé ìròyìn. Ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mánéjà tó ń ka òṣìṣẹ́ ẹ̀ lórí fóònù. Ẹni tó ní omi ń ṣàn gun òkè, ó yẹ kó o kọ́kọ́ bá a dé etí odò kẹ́ ẹ jọ wò ó.

Àwọn tó lọ sétí odò lóòótọ́ ni David Neumark àti William Wascher, onímọ̀ ọrọ̀ ajé làwọn náà, ìyẹn ni mo fi bọ̀wọ̀ fún wọn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu mánéjà ò ṣe é gbára lé, àfi ìwé owó oṣù gan-an. Wọ́n gba ìwé owó oṣù àwọn ilé oúnjẹ ní ìpínlẹ̀ méjèèjì, èsì tiwọn sì ní iṣẹ́ dín kù ní New Jersey tí wọ́n bá fi wé Pennsylvania. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé apá kan nínú ìwé yẹn, Employment Policies Institute ló kọ́kọ́ kó o jọ, ẹgbẹ́ tó sún mọ́ àwọn onílé oúnjẹ tí wọn ò fẹ́ kí owó iṣẹ́ gòkè, àwọn èèyàn sì ń béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe yan ilé oúnjẹ tí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀. Card àti Krueger ò kàn jókòó máa jiyàn. Wọ́n lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ka òṣìṣẹ́, wọ́n gba àkọsílẹ̀ tí agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ nítorí owó ìrànlọ́wọ́ àwọn tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, èyí tí mánéjà kankan ò lè fi ẹnu yí.

Ohun kan sì ti ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà yẹn tó wù mí ju gbogbo ìyókù lọ. Ìjọba àpapọ̀ gbé owó iṣẹ́ dé 4.75 ní October 1996. New Jersey ti wà ní 5.05 tiẹ̀, kò mì. Pennsylvania ni ọ̀rọ̀ kàn. Ayò ti yí padà, ẹni tó ń wòran lọ́jọ́sí ló wá wọ agbo. Wọ́n wo ìyẹn náà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba, wọn ò rí i pé iṣẹ́ bọ́ ní Pennsylvania torí ẹ̀. Lórí New Jersey, ohun tí wọ́n wá kọ ní 2000 rọlẹ̀ ju ti 1994 lọ: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òfin yẹn ò ṣe iye òṣìṣẹ́ ní nǹkan kan, bóyá ó fi díẹ̀ kún un. Òṣìṣẹ́ méjì àti ààbọ̀ yẹn ti dín, ìdí rẹ̀ ò sì ya èmi lẹ́nu, nítorí Pennsylvania tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìwé ìròyìn ọ̀mọ̀wé kan náà ló tẹ tiwọn àti ti Neumark àti Wascher jáde lọ́dún kan náà.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìwé 1995 yẹn ni Card ti kúrò nídìí ọ̀rọ̀ yìí ní tiẹ̀, yàtọ̀ sí èsì tó fọ̀ yẹn. Ó lọ sí yunifásítì Berkeley ní 1997, ibẹ̀ ló sì fìdí kalẹ̀ sí. Ní 2006 ó sọ fún ìwé ìròyìn ilé ìfowópamọ́ àpapọ̀ ti Minneapolis pé òun yẹra fún un nítorí pé ó ná òun ní ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́, pé àwọn èèyàn tóun ti mọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí kan àwọn tóun bá pàdé nídìí iṣẹ́ òun àkọ́kọ́ ní Chicago, bínú sóun tàbí kí wọ́n ní òun já àwọn kulẹ̀, wọ́n kà á sí pé àwọn méjèèjì ti da gbogbo ìmọ̀ ọrọ̀ ajé. Chicago tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn nìyẹn. Àwọn tẹ́ ẹ jọ jẹun, tẹ́ ẹ jọ ń jiyàn nínú ọ́fíìsì, kí wọ́n wá máa wò ẹ́ bí ọ̀dàlẹ̀ torí pé o ka òṣìṣẹ́ ní ilé oúnjẹ 410 tí kò sì jáde bí wọ́n ṣe rò. Ó ṣòro.

Kò jókòó lásán ní tiẹ̀. Ní Kánádà, ó wà lára àwọn tó yẹ ètò Self-Sufficiency Project wò, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992 ní New Brunswick àti British Columbia, fún àwọn ìyá tàbí bàbá tó ń dá tọ́mọ tí wọ́n ti gba owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba ju ọdún kan lọ. Wọ́n mú orúkọ bí ẹni ń ṣẹ́ gègé, apá kan nínú wọn ni wọ́n sọ fún pé tí wọ́n bá ríṣẹ́ wákàtí 30 lọ́sẹ̀ láàárín ọdún kan tí wọ́n sì fi owó ìrànlọ́wọ́ sílẹ̀, ìjọba á máa fi owó kún owó iṣẹ́ wọn fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tówó yẹn ń wọlé, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn pọ̀ gan-an ju ti apá kejì lọ. Nígbà tó tán, díẹ̀díẹ̀ ni apá méjèèjì wá dọ́gba. Òun àti Dean Hyslop ló kọ ìyẹn síta ní 2005. Ẹni tí wọ́n ń pè ní agbẹnusọ mẹ̀kúnnù ló kọ ọ́ o, pé owó tí ìjọba ná ṣiṣẹ́ nígbà tó ń ná an, kò sì fi nǹkan sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́, àwọn míì ló gbé e látibi tó fi í sí. Èyí tó lágbára jù nínú ohun tí mo ti kà jáde ní 2019, Cengiz, Dube, Lindner àti Zipperer, dípò ìpínlẹ̀ méjì wọ́n kó ìgbà 138 tí àwọn ìpínlẹ̀ gbé owó iṣẹ́ sókè láti 1979 sí 2016 jọ, wọ́n ka iṣẹ́ tó sọnù nísàlẹ̀ iye tuntun àti iṣẹ́ tó yọ lókè ẹ̀ díẹ̀. Méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìyẹn ò ní kí gbogbo èèyàn gbà o, Neumark ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ tiẹ̀.

October 11, 2021 ni wọ́n kéde Nobel. Wọ́n fún Card ní ìdajì, Joshua Angrist àti Guido Imbens pín ìdajì kejì. Krueger ti kú ní March 2019, ẹni ọdún 58 ni, Nobel kì í sì í lọ bá òkú. Orúkọ méjì ló wà lórí iṣẹ́ 1994 yẹn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, January 2022, Card sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà. Ó lè sọ̀rọ̀ lórí ohunkóhun tó bá wù ú. Ní gbogbo ọdún tó fi yẹra fún New Jersey yẹn, ó ti wà nídìí àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ Jámánì àti Potogí, ó ń wò ó bí èèyàn méjì tí ìmọ̀ wọn dọ́gba ṣe ń gba owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ torí pé ilé iṣẹ́ wọn ò dọ́gba. Àkọlé tó fún ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn jẹ́ ìbéèrè, ó ní ta ló fi iye sí owó iṣẹ́ ẹ. Nínú ẹ̀ ló ti sọ pé ọ̀gá ló ń fi iye sí i ju bí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ṣe fẹ́ gbà tẹ́lẹ̀ lọ, ó padà sídìí àlàyé Joan Robinson ti 1933 yẹn, iwájú gbogbo ẹgbẹ́ ló sì ti sọ ọ́.